Bí Mo Ṣe Tọ́jú Ẹja Òkun Mẹ́ta ní Bódìjà

Rónkẹ́, Àdùkẹ́ mi,

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ nínú lẹ́tà yìí, má retí pé kí ẹnikẹ́ni gbà á gbọ́. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn awakọ̀ ní Ìwó Road, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Mo sọ ọ́ fún àna wa ní Àpáta, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ìwọ nìkan ló kù, ìwọ náà ló sì máa wúlò fún. Èmi bàbá rẹ, tí mi ò tíì fojú kan òkun láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mo tọ́jú ẹja òkun mẹ́ta fún oṣù mẹ́ta gbáko ní Bódìjà, nínú ilé tí iná ń lọ nígbà tó bá wù ú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wà láàyè nígbà tí ẹni tó ni wọ́n dé.

Lẹ́tà tó o kọ tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní Sátidé. O ní iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ti bọ́ sí i l'Ékòó, pé àpótí gíláàsì ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ní kó o máa mójú tó, pé ẹja òkun mẹ́fà ń bọ̀ lọ́nà, àti pé ọ̀gá yín ní tí wọ́n bá kú, kí ìwọ náà máa palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. O ní ẹ̀rù ń bà ẹ́. Má jẹ́ kó bà ẹ́. Wọn ò mọ ilé tó o ti wá ni.

Ìyá rẹ ló ń kọ lẹ́tà yìí, torí èmi ò mọ̀wé. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Tó o bá rí ibi tí mo ti dà bí òmùgọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, òun ló fi kún un.

O ò sí nílé nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lo wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ò ń lọ sí ilé ìwé. Èmi àti ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yàrá wa yìí lẹ́yìn ilé Dókítà ni. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń gbé e: mò ń ṣí géètì fún Dókítà, mò ń lẹ táyà níwájú fẹ́ǹsì ẹ̀, a ò sì san nǹkan kan. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé wa jáde, nítorí ẹja.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan ni Dókítà ti Èkó dé pẹ̀lú ẹja òkun mẹ́rin, oníkálukú nínú ọ̀rá tiẹ̀ pẹ̀lú omi. Àpótí gíláàsì tó kún fún omi oníyọ̀ ti wà ní pálọ̀ ẹ̀ láti oṣù tó kọjá, tí omi ń yí nínú ẹ̀ láìsí ẹja kankan. Mo rò pé owó ló ti pọ̀ jù fún un. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pè é. Ó kó ọ̀rá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n kàn gbé wọn léfòó sórí omi, kí n pa iná, kí n má ṣe nǹkan kan mọ́ títí òun á fi dé.

Àdùkẹ́, ìwọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Àlejò ti Èkó wá, nínú oòrùn, nínú ọ̀rá, kí n wá jókòó kí n máa wò wọ́n? Mo gé ọ̀rá, mo dà wọ́n sínú omi, mo ní ẹ kú ìrìn. Ìyá rẹ béèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Mo ní níbo ni wọ́n ti fẹ́ jẹun lójú ọ̀nà. Mo wọ́n gàrí díẹ̀ sí i. Ìyá rẹ rún mọ́ínmọ́ín sí i, ó ní ó rọ̀ lẹ́nu. Màmá Ìjẹ̀ṣà, tó ń ránṣọ lẹ́yìn ilé kejì sí tiwa, gbọ́ pé àlejò dé, ó wá wò wọ́n, kò sì lè wá lọ́wọ́ òfo, ó mú búrẹ́dì dání. A tan gbogbo iná pálọ̀ kí wọ́n lè ríran jẹun. Wọn ò jẹ ẹyọ kan. A ní ojú ló ń tì wọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti funfun bí ògì, ẹja kan sì ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Dókítà dé láti ilé ìwòsàn, ó dúró síwájú gíláàsì, ó wò ó títí. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Bàbá Rónkẹ́, ta ló fún ẹja ní mọ́ínmọ́ín?”

Mo ní ìyàwó mi ni. (Ìyá rẹ ní òun ò ní kọ ìyẹn sílẹ̀ àfi tí mo bá sọ ti gàrí. Mo ti sọ ti gàrí.)

Àbúrò Dókítà wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kó tó di pé a dé ló ti ń wá yàrá wa fún dírẹ́bà ẹ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun lé mi, kó gbé dírẹ́bà òun síbẹ̀, pé ìyẹn kàwé, ó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo oúnjẹ ẹja. Dókítà sì ń lọ sí òkè òkun lọ́sẹ̀ méjì sí i, oṣù mẹ́ta ló máa lò níbẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa:

“Ẹja mẹ́ta ló kù. Tí mo bá dé, tí mo bá bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàyè, yàrá yẹn di ti Bàbá Rónkẹ́ títí wọ́n á fi kọ́ ilé tiwọn. Tí ẹyọ kan bá dín, dírẹ́bà rẹ ló ni ín.”

Ìyá rẹ ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹrù wa kì í ṣe ẹrù tó ṣeé gbé kiri, a ò sì mọ ẹni tó máa fún wa ní yàrá mìíràn ní gbogbo Ìbàdàn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ní fún ẹ rèé, gbé e sórí. Ẹja òkun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í ṣe àlejò tiwa. Má bọ́ ọ. Má kí i. Má pe èèyàn wá wò ó. Gbé ọ̀rá ẹ̀ léfòó sórí omi títí ooru inú ẹ̀ á fi bá ti omi dọ́gba, bíi ogún ìṣẹ́jú. Ṣí ọ̀rá, máa bu omi àpótí sínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ife kékeré kan, kó o sinmi, ife kan sí i, títí bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà kó o fi àwọ̀n kó ẹja nìkan sínú àpótí, kó o da omi ọ̀rá nù síta. Pa iná. Fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, fún un ní ìwọ̀nba tó lè jẹ tán kó o tó ka ọgọ́rùn-ún, kó o sì kúrò níbẹ̀. Tó bá ń wò ẹ́ bí ẹni tí ebi ń pa, irọ́ ló ń pa.

Kó o sì sọ fún ọ̀gá yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kó má kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá pọ̀. Méjì lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin, méjì sí i, bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi pé. Omi àpótí gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa ru ẹ̀gbin wọn, kì í mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí Dókítà fi jẹ́ kí omi máa yí lásán fún oṣù kan, kì í ṣe owó ló pọ̀ jù fún un.

Kó tó rìnrìn àjò, Dókítà fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọ́ mi níṣẹ́. Ó fi àpò iyọ̀ òkun hàn mí, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ó fi gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn mí tó ń léfòó, tó ní ìlà pupa lára. Ó ní tí ojú omi bá wà ní ìlà pupa, iyọ̀ ti pé. Ó sọ àwọn nǹkan mìíràn, mo ń mi orí. Àdùkẹ́, má ṣe mi orí sí ohun tí kò yé ẹ. Ohun kan wà nínú àwọn ohun tí mo mi orí sí tó padà fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ wa.

Mo sọ àwọn ẹja náà lórúkọ. Ọ̀kan pupa bí ọsàn, ó de bẹ́líìtì funfun mẹ́ta, ó sì ń lé gbogbo ohun tó bá sún mọ́ ọn. Ṣọ́jà nìyẹn. Ọ̀kan yẹ́lò látòkè délẹ̀, kì í jẹun lójú èèyàn. Ìyàwó nìyẹn. Ẹ̀kẹta dúdú bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró, òun la pè ní Aláró.

Dókítà ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́hùn-ún tí báàfù fi di ìjà láàárín èmi àti ìyá rẹ. Ó fi báàfù tí mo fi ń po omi ẹja fọ aṣọ. Ó ní òun ti fi omi ṣàn án nígbà mẹ́ta. Mo gbọ́ òórùn ọṣẹ níbẹ̀, mi ò lò ó. Ó ní mo ń ka ẹja kún ju òun lọ. Mo ní lásìkò yìí, bẹ́ẹ̀ ni. (Ó kọ ìyẹn sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, ó ní kó o mọ irú ẹni tí òun fẹ́.) Ra báàfù kan, ike kan, àwọ̀n kan, kí ọṣẹ má kàn wọ́n láyé. Ọwọ́ rẹ náà, omi lásán ni kó o fi fọ̀ ọ́ dáadáa kó o tó tì í bọ ibẹ̀, má sì para kó o tó wá síbi iṣẹ́. Èmi tí ọwọ́ mi ń rùn gírísì lójoojúmọ́, iyẹ̀pẹ̀ ni mo fi ń ha á títí ó fi ń tàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iná lọ ní Túsìdé kan láàárọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́. Ó fi máa di ọ̀sán, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lójú omi, wọ́n ń la ẹnu. Ṣọ́jà pàápàá ò lé ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, má ṣe é. Mo wọ́ rọ́bà ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ táyà láti ìta gba ojú fèrèsé, mo tì í bọ omi. Gbogbo gíláàsì ilé ń gbọ̀n. Ká tó ṣẹ́jú, epo ti ń dán lójú omi bíi ti ilẹ̀ mẹkáníìkì. Mo yára fà á jáde. Mo ń tẹ́ bébà sójú omi, mò ń fi ká epo yẹn, bébà bíi ogún, títí dídán yẹn fi lọ.

Mo wá jókòó, mo ronú bí ẹni tó mọṣẹ́ ẹ̀. Kí ni táyà? Ilé atẹ́gùn ni. Mo mú tiúbù tírélà tuntun kan, mo fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ ẹ títí apá mi fi fẹ́ já, torí pọ́ǹpù ọwọ́ kì í tu epo jáde. Mo mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi sára aláìsàn nínú ẹrù Dókítà, mo so ó mọ́ ẹnu ẹ̀. Rọ́bà yẹn ní kẹ̀kẹ́ kékeré kan lára tí wọ́n fi ń dín ohun tó ń gba inú ẹ̀ kọjá kù. Mo ti ẹnu rọ́bà yẹn bọ omi. Atẹ́gùn ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí kò lágbára mọ́, mo ní kí ìyá rẹ jókòó lé tiúbù.

Ìyá rẹ jókòó lé tiúbù tírélà ní pálọ̀ Dókítà láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo bá ń fẹ́ ẹ, á dìde. Tí mo bá fẹ́ ẹ tán, á jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la fẹ́ ẹ. Màmá Ìjẹ̀ṣà yọjú lójú fèrèsé, ó rí ìyàwó mi lórí tiúbù, ó rí èmi tí mo di rọ́bà mú, ó rí ẹja mẹ́ta tó kọjú sí wa. Ó ní ká má wulẹ̀ dá òun lóhùn, òun kàn fẹ́ yá abẹ́rẹ́ ni. Nígbà tí iná dé, ẹja ti padà sísàlẹ̀ omi. Ìyá rẹ ò lè dìde mọ́, èmi ni mo fà á sókè.

Rónkẹ́, hòtẹ́ẹ̀lì yín ní jẹnẹrétọ̀, mo mọ̀. Lọ wá ohun tí wàá ṣe lọ́jọ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀, kó o wá a kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Nínú oṣù kejì, àbúrò Dókítà wọlé pẹ̀lú ẹja kan nínú ọ̀rá. Ó ní òun rà á fún ẹ̀gbọ́n òun, kí n dà á mọ́ àwọn yòókù. Mo gbé ọ̀rá sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ẹja náà ní tóótòòtó funfun lára, bí ẹni tí wọ́n wọ́n iyọ̀ sí. Mo ní a máa kọ́kọ́ fi í sínú báàfù ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

“Ìwọ tó ń lẹ táyà, ìwọ lo fẹ́ sọ ibi tí ẹja mi máa sùn?”

“Ẹ má bínú sà. Báàfù ló máa sùn.”

“Nínú ilé ẹ̀gbọ́n mi?”

“Nínú ilé ẹ̀gbọ́n yín sà. Àwa náà ń sùn lẹ́yìn ilé, kò pa wá.”

Ó bú mi, ó lọ. Mo po omi tuntun fún ẹja ẹ̀, mo wá ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ti gbó fún un, mo sì ya àwọ̀n tiẹ̀ sọ́tọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, tóótòòtó yẹn ti bò ó lójú. Lọ́jọ́ karùn-ún ó kú. Tiwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní ẹyọ kan lára. Kò dáa kéèyàn máa yọ̀ sí ikú ẹja. Mo yọ̀ díẹ̀. Ẹja yòówù tó bá dé, ẹnì yòówù kó mú un wá, ì báà jẹ́ ọ̀gá àgbà yín, ya á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Jẹ́ kí wọ́n bínú.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Dókítà dé, Aláró bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Ó wọ ẹ̀yìn òkúta, kò jáde wá jẹun. Àwọ̀ yẹ́lò ara Ìyàwó ti ń ṣí. Mo yí oúnjẹ padà, mo nu gíláàsì, mo gbàdúrà. Àbúrò Dókítà wá, ó wo inú omi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó rán dírẹ́bà ẹ̀ wá. Dírẹ́bà yẹn wọ yàrá wa, ó kí wa dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ó fẹ́ mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ máa wà. Ó ní kí ìyá rẹ jọ̀ọ́, kó sún ẹsẹ̀ díẹ̀.

Ìyá rẹ jáde síta, ó lọ síbi ìdáná. Mo lọ síbi ẹja, mò ń ṣe ohun tí mò ń ṣe lójoojúmọ́. Omi àpótí máa ń fà, ooru ló ń fà á. Láràárọ̀ ni mo máa ń po omi iyọ̀, mo sì ń fi dí ohun tó fà. Gíláàsì tó ń léfòó yẹn, ó ti ga, ìlà pupa ti kúrò lójú omi pátápátá, ó ti lọ sókè. Inú mi ń dùn sí i láti ọjọ́ yìí. Mo rò pé bíi géèjì epo ọkọ̀ ni, pé tó bá ga, ó dára.

Ìyá rẹ wọlé pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́, ó bá mi níbi tí mo ti ń ro iyọ̀ pọ̀ mọ́ omi. Ó dúró.

“Bàbá Rónkẹ́, tí ọbẹ̀ bá ń gbẹ lórí iná, ṣé iyọ̀ ẹ̀ ló ń gbẹ ni?”

Mo ní rárá, omi ni.

“Kí lẹ wá ń bu iyọ̀ sí i fún láti oṣù méjì ààbọ̀?”

Rónkẹ́, mo gbé ike yẹn sílẹ̀. (Ìyá rẹ ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ̀rọ̀ yẹn, mo rí i, bí mi ò tilẹ̀ mọ̀wé.) Ooru ń gbé omi lọ, iyọ̀ jókòó síbẹ̀, èmi sì ń fi òmíràn kún un lójoojúmọ́. Ohun tí Dókítà sọ tí mo mi orí sí nìyẹn. Ó ti ní omi lásán ni kí n máa fi dí ohun tó bá fà.

Mo fẹ́ da báàfù omi kan sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo wá rántí ẹja tí mo dà sínú omi lójijì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Omi ẹ̀rọ ní oògùn nínú, nítorí náà mo gbé e kalẹ̀ láìdé e fún ọjọ́ méjì bí Dókítà ṣe kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kí oògùn yẹn lè fò lọ. Mo wá ń bù ú sí i díẹ̀díẹ̀, láàárọ̀ ìwọ̀nba, nírọ̀lẹ́ ìwọ̀nba. Tí àpótí bá ti fẹ́ kún, màá bu díẹ̀ nínú omi oníyọ̀ yẹn dà nù. Ìlà pupa ń sọ̀ kalẹ̀. Ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́jọ kó tó bá ojú omi dọ́gba. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, Aláró jáde láti ẹ̀yìn òkúta, ó yí àpótí po lẹ́ẹ̀kan, ó já oúnjẹ gbà lẹ́nu Ṣọ́jà. Èmi àti ìyá rẹ dì mọ́ra ní pálọ̀ oní-pálọ̀.

Dókítà dé ní Sátidé lọ́sàn-án. Kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó fi dé iwájú àpótí. Ó fi ìka kà wọ́n. Ó tún un kà. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Bàbá Rónkẹ́, ẹ ò pààrọ̀ wọn?”

Mo ní níbo ni mo ti fẹ́ rí ẹja òkun rà, ṣé ní Dùgbẹ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ọwọ́ dúdú táyà yìí. Àbúrò ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà sọ fún un pé kí dírẹ́bà lọ wá yàrá síbòmíì. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún wá wọn ilẹ̀ yàrá wa mọ́. Inú yàrá yẹn náà la ti ń kọ lẹ́tà yìí sí ẹ.

Ìyá rẹ kí ẹ púpọ̀. Ó ní kó o máa jẹun lásìkò, àti pé tí ìlà pupa bá ga, kó o rántí ẹni tó gbà wá là. Kí Ọlọ́run fi iṣẹ́ yìí gbé ẹ ga. Ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa yè lọ́wọ́ rẹ, mo sọ ọ́, mo sì tún un sọ.

Ó ku ẹyọ kan tí ìyá rẹ ní mi ò gbọ́dọ̀ fò. Tí wọ́n bá yè, ṣe jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn tí Dókítà dé, fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó gbé táyà wá sọ́dọ̀ mi tí mi ò mú lọ sójú fèrèsé lọ wo ẹja. Màá bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rá, màá dé orí mọ́ínmọ́ín, màá dé orí tiúbù, màá fi bí ìyá rẹ ṣe jókòó hàn wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń sọ ọ́ fún ọkùnrin kan tí mọ́tò ẹ̀ ṣì wà lórí jáàkì, ó ti wo aago lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Màmá Ìjẹ̀ṣà dìde, ó gbé àgbọ̀n lé orí fẹ́ǹsì, ó ní:

“Bàbá Rónkẹ́, ẹja yín ti yè. Ó ku kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwa náà yè.”